Ìdáhùn fún apẹja tó fẹ́ fọwọ́ tútù pa waders bíi khuffu fún ìrun Àsùbá

Ìbéèrè: Àsàlámù àlékùm, Àáfà. Portland ní ìpínlẹ̀ Oregon ni mò ń gbé. Aago mẹ́sàn-án ni mò ń wọṣẹ́, nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ yà sí odò Clackamas lásìkò òtútù láti fi ìwọ̀ tí wọ́n fi ìyẹ́ dì dẹ ẹja steelhead. Láti ilé ni mo ti ń wọ waders, ṣòkòtò aláìgbomi tó bo àtẹ́lẹsẹ̀ títí dé àyà. Mo máa ń tètè dúró sínú omi kí ẹlòmíràn má baà gba ibi tó dára, ibẹ̀ ni Àsùbá ń bá mi. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fọwọ́ tútù pa waders náà, pé khuffu ni, ìyẹn ìbọ̀sẹ̀ awọ tí à ń fọwọ́ tútù pa dípò fífọ ẹsẹ̀ nínú àlùwàlá. Èkejì ní kí n kí ìrun náà tí mo bá débi iṣẹ́. Ẹ̀kẹta ní mímú ẹja tú sílẹ̀, hàráámù ni.

Ìdáhùn: Wàálékúmú sàlámù. Ti èkejì kò gba àríyànjiyàn. Àsùbá kò kọjá yíyọ oòrùn, yálà ẹja ń jẹ ìwọ̀ tàbí kò jẹ. Lọ́dọ̀ àwa tí à ń tẹ̀lé Ìmáàmù Màálíkì, àkókò tó yẹ gan-an ti parí nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ débi tí èèyàn ń dá ojú ẹnìkejì mọ̀. Mo mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀yin apẹja ń wá.

Ti khuffu ló di ariwo. Khuffu tí à ń pa omi lé jẹ́ awọ, ó mọ́, a rán an, ó bo kókósẹ̀, ó ṣe é fi rìn, a sì wọ̀ ọ́ lórí àlùwàlá olómi tó pé. Ẹsẹ̀ waders ńkọ́? Rọ́bà rírọ̀ ni, wọ́n lẹ ojú rírán rẹ̀ pa kí omi má wọlé. Ibo ni awọ wà níbẹ̀? Wọ́n á ní Ìmáàmù Ahmad, tí àwọn mìíràn ń tẹ̀ lé, gba ibọ̀sẹ̀ láyè. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ìyókù: ọ̀sán kan òru kan ni fún ẹni tí kò sí lírìn-àjò, orí àlùwàlá ni a sì ti gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Nígbà tí Mughira, ọ̀kan lára àwọn sàábé, bẹ̀rẹ̀ láti bọ́ khuffu Ànábì, Ànábì ní kó fi wọ́n sílẹ̀, torí ẹsẹ̀ òun mọ́ nígbà tí òun kì wọ́n bọ̀ ọ́. Ẹni tó jí láago márùn-ún, tó ki ẹsẹ̀ gbígbẹ bọ waders, tó sì kó sínú ọkọ̀, ìmáàmù wo ló máa tẹ̀ lé? Fídíò ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n wò tí wọ́n fi ń fún èèyàn ní fátíwà.

Wo aago. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kìíní, oòrùn Portland ń yọ ní nǹkan bí 7:50. Òfin Oregon kò gbà kí o ju ìwọ̀ sódò ṣáájú wákàtí kan sí yíyọ oòrùn, ìyẹn 6:50. Àsùbá sì ti wọlé ní nǹkan bí 6:15. Kírun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kí o tó wọ waders, ọ̀rọ̀ bùṣe. Bí o bá ṣe àlùwàlá nílé kí o tó wọ̀ ọ́, tí kò sì bàjẹ́, fi í kírun bẹ́ẹ̀. Ìtọ̀ ni òtútù odò máa ń kọ́kọ́ fà. Ẹni tó bá sì fẹ́ tọ̀ á já okùn èjìká rẹ̀ sílẹ̀ ṣáá, kí ó kúkú bọ́ ọ dé ilẹ̀, kí ó fọ ẹsẹ̀. Gbé lítà omi gbígbóná kan dání nínú fúláàsì. Múdù kan, tí kò tó lítà, ni Ànábì fi ń ṣe àlùwàlá. Má dúró nínú odò kí o máa wá iyẹ̀pẹ̀ tayamọ́mù.

Ẹ̀kẹta sọ ìdajì òótọ́. Ànábì kọ̀ fún wa láti fi ohun ẹlẹ́mìí ṣe àmì tí à ń ta ọfà sí fún ìdárayá. Ẹni tó ń gún ẹja lẹ́nu torí kó lè gbádùn bó ṣe ń jà, tí kò gbèrò àtijẹ ẹ́, a kò gbà fún un. Ṣùgbọ́n bí o bá gbèrò àtijẹ, wo ẹ̀yìn ẹja náà: lẹbẹ kékeré kan wà láàárín lẹbẹ ẹ̀yìn àti ìrù. Wọ́n ti gé e lára èyí tí wọ́n sìn. Ojú ọgbẹ́ rẹ̀ á ti jinná. Bí lẹbẹ náà bá wà lódidi, ẹja odò fúnra rẹ̀ ni, òfin sì ní kí o dá a padà nínú ọ̀pọ̀ odò. Dídá a padà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún ìwọ̀ mọ́lẹ̀ kí o tó jù ú. Má lo okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ìjà tó pẹ́ ló ń pa wọ́n lẹ́yìn tí o bá tú wọn sílẹ̀. Fi omi ra ọwọ́ kí o tó dì í mú, torí ọwọ́ gbígbẹ ń bó ọ̀yọ̀ ara rẹ̀, kí o sì yọ ìwọ̀ náà nínú omi.

Èyí tó jẹ́ tìrẹ kò nílò ọ̀bẹ àti bísímílà bíi ti ewúrẹ́, àmọ́ má jẹ́ kí ó máa jà pìtìpìtì lórí òkúta. Lu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó bá ṣàn sí ọ láṣọ, nájísì, ìyẹn ẹ̀gbin tí a kò gbọdọ̀ gbé kírun, ni lọ́dọ̀ tiwa bó tilẹ̀ jẹ́ ti ẹja. Fọ̀ ọ́ kí o tó kí Àìlà níbi iṣẹ́, àfi tí kò bá tó ojú dírámù kan, owó ẹyọ ayé àtijọ́.