Ẹ Bi Atúnkọ̀ǹpútàṣe: Owó Kékeré, Kọ̀ǹpútà Àgbà, Kí Ni Ká Kọ́kọ́ Rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú sùúrù pẹ̀lú wa. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ni mí. Wọ́n fún mi ní kọ̀ǹpútà orí tábìlì kan, Dell OptiPlex 7010, Core i5-3470, RAM 4GB, hard disk 500GB. Bí mo bá tàn án, mo lè wẹ̀, kí n wọṣọ, kó tó jẹ́ kí n rí nǹkan tẹ̀. Bí mo bá wá ṣí Word pẹ̀lú Chrome lẹ́ẹ̀kan náà, á kàn lẹ̀ mọ́lẹ̀ ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi i7 rọ́pò i5 inú rẹ̀. Ẹlòmíràn ní kí n ra káàdì àwòrán. Ẹnì kẹta ní kí n tà á dànù. Owó ọwọ́ mi kò lè ra ju ẹ̀yà kan lọ. Bí mo bá fún ara mi lọ́rùn, ó lè di méjì. Èwo ni kí n rà? — Akẹ́kọ̀ọ́ tówó ń ṣọ́

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó bi kọ̀ǹpútà náà pé kí ló ń ṣe é. Má tíì ná owó kankan. Tan kọ̀ǹpútà náà, jẹ́ kó gbéra tán, kí o di Ctrl àti Shift mú, kí o wá tẹ Esc. Lọ síbi tí wọ́n kọ Performance sí. Ṣí Word àti Chrome rẹ bí o ṣe máa ń ṣe, kí o sì máa wo ibi mẹ́ta: CPU (i5 rẹ nìyẹn, ọpọlọ ẹ̀rọ), Memory (RAM, ibi tí iṣẹ́ tí o ṣí sílẹ̀ ń dúró sí) àti Disk (hard disk rẹ). Bí mo ṣe mọ irú ẹ̀rọ yìí, Disk á ti lọ dúró sórí 100%, Memory á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, CPU á sì wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún ní bíi 10% tàbí 20%, á máa ṣeré. Kò rẹ i5 rẹ rárá. Bíríkìlà tó mọṣẹ́ ni, ẹni tó ń gbé búlọ́ọ̀kù fún un ni kò yára. Lóòótọ́, i7-3770 lè wọ ihò tí i5 yẹn wà, nítorí irú ihò kan náà, LGA 1155, ni àwọn méjèèjì ń lò, ṣùgbọ́n bí o bá gbé e síbẹ̀, òun náà á jókòó máa dúró ni.

Hard disk ló ń dá gbogbo wọn dúró. Nínú rẹ̀, àwo kan ń yí ní ìgbà 7,200 láàárín ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń lọ ó ń bọ̀ lórí àwo náà láti wá ibi tí fáìlì wà. Kí apá yẹn tó débẹ̀, kí àwo sì tó yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń gbà tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá. Ìyẹn ò jọ nǹkan kan lójú, àbí? Ṣùgbọ́n ohun tó túmọ̀ sí ni pé ibi bíi 100 péré ni apá yẹn lè yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ Windows ń ka ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì kéékèèké kó tó jẹ́ kí o rí ojú iṣẹ́. SSD, ibi ìkópamọ́ tí wọ́n fi ń rọ́pò hard disk, kò ní àwo, kò sì ní apá. Inú ṣípù ló kó gbogbo nǹkan sí, ibi tó ju 10,000 lọ ló sì lè dé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan náà. Àwọn tó ń tà á máa ń polówó pé 500MB ló ń kà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Òótọ́ ni, hard disk bíi tìrẹ kì í sábà ju 150MB lọ, ṣùgbọ́n fáìlì ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń wọn ìyẹn. Ti àwọn fáìlì kéékèèké yẹn gan-an ló máa gbà ọ́.

Ó tún ku ọ̀kan. Bí RAM 4GB bá kún, Windows ò ní pariwo. Á kó lára ohun tó wà nínú RAM lọ sórí hard disk, bí o bá sì ti padà tẹ ohun tó kó lọ yẹn, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó o bọ̀. Hard disk tó ti ń mí gúlegúle tẹ́lẹ̀ la tún wá gbé ẹrù RAM lé lórí. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé Word nìkan kì í dá a lágara, àfi bí Chrome bá dé.

Nítorí náà, SSD ni kó o kọ́kọ́ rà: 240GB tàbí 256GB, irú tí wọ́n ń pè ní 2.5-inch SATA, tó ń lo irú wáyà tí hard disk rẹ ń lò. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kí o ra RAM tó máa sọ 4GB di 8GB. Mi ò sọ pé kí o ra 16GB, ìwé lo fẹ́ kọ.

Rọra níbi RAM o, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí akẹ́kọ̀ọ́ mú. Ìran RAM tí wọ́n ń pè ní DDR3 ni kọ̀ǹpútà rẹ ń lò. Orúkọ OptiPlex 7010 tí o ń wò yìí, ọdún 2012 ni Dell kọ́kọ́ lò ó. Ní 2023, wọ́n tún gbé orúkọ kan náà fún kọ̀ǹpútà tuntun tí kò jọ tìrẹ rárá. Bí o bá kàn sọ fún ẹni tó ń tajà pé "RAM 7010", ó lè fi ọkàn rere gbé DDR4 lé ọ lọ́wọ́. Gígé kékeré tó wà létí RAM kò sí lójú kan náà lára DDR3 àti DDR4, torí náà kò ní wọlé. Bí o bá rí i pé ó kọ̀, má fipá tì í.

Sún mọ́ bébà funfun tó wà lára ẹyọ RAM náà kí o kà á. O máa rí ohun tó jọ PC3-12800U. Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn yẹn ni kó o tẹjú mọ́. U ni tìrẹ. Bó bá jẹ́ R ló wà níbẹ̀, RAM kọ̀ǹpútà sáfà (server) nìyẹn. Ó máa ń pọ̀ lọ́jà àlòkù, owó rẹ̀ á máa wọ ènìyàn lójú, á sì wọ ihò rẹ wẹ́kú, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà rẹ ò ní gbéra. Ohun tí èmi máa ń ṣe ni pé mo máa ń mú ẹyọ tó wà nínú ẹ̀rọ dání lọ sọ́jà, màá fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí wọ́n fẹ́ tà fún mi, màá kà wọ́n pọ̀. Bí ẹni tó ń tajà bá ń kanjú, á dúró.

Fífi wọ́n sínú ẹ̀rọ kò le. Yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, kí o wá tẹ ibi tí o fi ń tàn án mọ́lẹ̀ díẹ̀ kí iná tó kù nínú rẹ̀ lè tán. Ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fọwọ́ kan irin ilé rẹ̀ kó o tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. SSD kò ní ohun tó ń yí nínú, kò sì wúwo, torí náà bí kò bá sí àyè tó bá a mu, fi téèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara irin, kò séwu. Bí o bá fẹ́ tọ́jú hard disk, tí wáyà ò sì tó, yọ ti DVD, mi ò rò pé o rántí ọjọ́ tí o lò ó gbẹ̀yìn. Wáyà kan wà tí wọ́n fi ń sọ ihò iná àtijọ́ tó ń jẹ́ Molex di ti SATA. Àwọn kan lára rẹ̀, tí wọ́n yọ́ rọ́bà bo orí wọn pátá, ti jóná nínú kọ̀ǹpútà àwọn ènìyàn rí. Yàgò fún un.

Hard disk rẹ àtijọ́ á di ibi ìkópamọ́, bí ara rẹ̀ bá ṣì le. Fi CrystalDiskInfo, ètò tó ń yẹ ara hard disk wò, wò ó, ọ̀fẹ́ ni. Bó bá kọ Caution sí i, kó iṣẹ́ rẹ kúrò lórí rẹ̀ lónìí.

Ti Windows ńkọ́? Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní 14 October 2025. Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti CPU Intel ìran kẹjọ sókè. Ìran kẹta ni tìrẹ. Àwọn ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà, ṣùgbọ́n èmi ò ní kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tó ní iṣẹ́ láti fi sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Linux Mint, ètò ọ̀fẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí Windows ń ṣe, ni mo máa fi sórí SSD tuntun yẹn, ẹ̀dà Xfce tó fúyẹ́. LibreOffice, ètò ìkọ̀wé, wà nínú rẹ̀, ó ń ṣí fáìlì Word, ó sì ń fi í pamọ́ bíi Word. Àfi bó bá jẹ́ pé ẹ̀kọ́ tí ò ń kọ́ ní ètò kan tó jẹ́ pé orí Windows nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Béèrè lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ rẹ kó o tó yí i padà.

Káàdì àwòrán: o ò sọ pé ò ń gbá géèmù, o ò sọ pé ò ń ṣe fídíò. Fi í sílẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, mo kí ọ. Mo ti fẹ̀yìn tì, kọ̀ǹpútà ni mo fi ń kọ̀wé. Ìgbàkígbà tí iná bá lọ, aago inú rẹ̀ á padà sí 2012. Bí mo bá wá fẹ́ wo ojú ewé báńkì mi, Chrome á ní kò ṣeé fọkàn tán. Ọmọ ọmọ mi ní kòkòrò ló wọ̀ ọ́, pé kí n ra òmíràn. — Bàbá òǹkọ̀wé

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọjọ́ o, bàbá. Ẹ má ra òmíràn. Bátìrì kékeré kan wà lórí pátákó inú rẹ̀, ó rí pẹrẹsẹ bí owó ẹyọ, CR2032 ni wọ́n kọ sára rẹ̀. Òun ló ń mú aago rìn nígbà tí iná ò bá sí, tiyín sì ti kú. Ìwé ẹ̀rí tí ojú ewé báńkì fi ń hàn pé òun kì í ṣe ayédèrú ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí. Bí kọ̀ǹpútà bá gbà pé 2012 la wà, lójú rẹ̀, ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì náà, ẹ wọ BIOS (ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ kí Windows tó dé), kẹ́ ẹ sì fi fóònù ya ojú ewé rẹ̀, pàápàá ibi tó bá sọ̀rọ̀ SATA. Bátìrì tuntun lè dá àwọn ètò yẹn padà sí bí wọ́n ṣe rí látọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe ẹ̀rọ, Windows sì lè kọ̀ láti gbéra bí ti SATA bá yí padà. Ẹ yọ wáyà iná kúrò lára ògiri, ẹ fi bátìrì tuntun sí i, kí ojú tó ní àmì + wà lókè. Ẹ tún ọjọ́ ṣe, ó parí. Ẹ bá mi kí ọmọ ọmọ yín.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, mo ra SSD NVMe, irú SSD tó yára ju ti SATA lọ, pẹ̀lú káàdì tí wọ́n fi ń kì í bọ ihò PCIe, ihò káàdì tó wà lórí pátákó inú ẹ̀rọ. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣe kọ̀ǹpútà mi. Windows rí i, mo kó fáìlì sí i, ó yára bí àṣá, ṣùgbọ́n mi ò lè mú kọ̀ǹpútà gbéra látorí rẹ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? — Aláìsùn

ÌDÁHÙN: Kò bàjẹ́. BIOS rẹ ló dàgbà jù ú lọ. Kí Windows tó dé, BIOS ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ SSD náà, nígbà tí wọ́n sì kọ tìrẹ, NVMe ò tíì sí lọ́jà. Windows ní ìmọ̀ tirẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi rí i lẹ́yìn tó ti gbéra láti ibòmíràn. Àwọn kan máa ń fi ètò tó ń jẹ́ Clover sórí flash, kí ìyẹn bá wọn tì í gbéra. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n flash yẹn ò gbọdọ̀ kúrò lára kọ̀ǹpútà. Bí o bá fẹ́ ẹ fún ìkópamọ́ nìkan, jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ torí kó lè gbéra kíákíá lo ṣe rà á, tí ẹni tó tà á sì ṣì lè gbà á, dá a padà kó o gba ti SATA dípò rẹ̀, kí páálí rẹ̀ tó sọnù.