Kí ló le jù fún òṣìṣẹ́ ìlera tó tọ́jú alárùn kòrónà ní ilé ìwòsàn tí kò ní irinṣẹ́ tó?

Ẹ béèrè ohun tó nira jù fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ní irú ilé ìwòsàn kékeré tí àwa ará Kétu mọ̀. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni. Nígbà tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ kéde aláìsàn àkọ́kọ́ ní oṣù kẹta ọdún 2020, kò tíì sí oògùn kan pàtó fún àrùn náà, nítorí náà ríran ẹni tó ń jà fún èémí lọ́wọ́ ni olórí ìtọ́jú. Ẹ̀rọ tí ń yọ ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ lásán kì í sábà mú ju lítà 5 tàbí 10 wá ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tí àìsàn náà bá wọ̀ lára lè nílò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí iná bá lọ, ẹ̀rọ náà dákẹ́, àfi bí jẹnẹrétọ̀ àti epo bá wà nílẹ̀. Sìlíńdà kò nílò iná ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń tán, ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sì lè jìnnà. Ibẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ti ń pinnu ẹni tí yóò kọ́kọ́ gbà á, mo sì gbà pé ìpinnu yẹn wúwo ju ooru inú aṣọ ìdáàbòbò lọ (aṣọ tí ẹni tó wọ̀ ọ́ kò lè bọ́ láti mu omi bí kò bá sí òmíràn). Ọgbọ́n kan tí kò náni lówó ni pé kí aláìsàn fi àyà délẹ̀, kí èémí lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn, àmọ́ ó ń fẹ́ ẹni tí yóò máa ṣọ́ ọ.