Ibùdó ni àbí ibùsọ̀?

Ìbéèrè yín ni pé kí la lè pe ibi tí wọ́n ń gbèrò láti máa kó ọkọ̀ àti epo jọ sí lójú òfuurufú kí wọ́n tó kọrí sí Máàsì tàbí pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn, bóyá "ibùdó" bá a mu.

Lójú tèmi, kò bá a mu tó. Ibi téèyàn tẹ̀ dó sí ni ibùdó. Ibùsọ̀ ni kẹ́ ẹ lò. "Sọ̀" inú rẹ̀ ni ti kéèyàn sọ ẹrù: ibi tí arìnrìn-àjò ti sọ̀, tó mí díẹ̀, tó tún gbé ẹrù rù. (Òun náà la fi ń pe máìlì.)

Eré sísá lẹrù tó wúwo jù nínú ìrìn-àjò yìí. Kí ọkọ̀ tó lè máa yípo ayé ní nǹkan bíi kìlómítà 400 sókè, ó gbọ́dọ̀ máa sá tó kìlómítà 7.7 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tó bá ti lè ṣe bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi kìlómítà 3.2 sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló kù kó fi já mọ́ òòfà ayé lọ́wọ́. Ẹ ò rí i pé ibẹ̀ dáa láti sọ̀, kéèyàn tún rọ epo kún epo.

Àmọ́ ìbàdí ayé, ìyẹn agbedeméjì rẹ̀, yọ síta díẹ̀, ìyẹn sì ń fa ojú ọ̀nà ọkọ̀ tó ń yípo rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́. Nǹkan bí oṣù 26 síra wọn ni àsìkò tó dáa láti lọ sí Máàsì máa ń wáyé. Bó bá bọ́ sí ìgbà tí ojú ọ̀nà ibùsọ̀ kò kọjú síbi tá à ń lọ, epo ìrìn-àjò la ó máa fi yí orí ọkọ̀.

Òṣùpá ńkọ́? Lọ́dún 2009, ọkọ̀ LCROSS rí omi nínú kòtò kan lápá gúúsù rẹ̀, omi sì ṣeé sọ di epo. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá balẹ̀ síbẹ̀ ti pa eré rẹ̀ kú, á sì tún wá kìlómítà 2.4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan kó tó lè kúrò. Ìyẹn ni mo lè pè ní ibùdó. Gateway, ilé ojú òfuurufú tí NASA, àjọ ìwádìí òfuurufú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ṣètò pé kó máa yípo òṣùpá, tó máa sún mọ́ ọn tó kìlómítà 3,000, tó tún máa jìnnà tó 70,000, ibùsọ̀ gidi nìyẹn ní tirẹ̀: epo díẹ̀ lèèyàn máa fi wọ irú ibẹ̀, díẹ̀ ló máa fi jáde.

Kẹ́ ẹ má sì pẹ́ níbẹ̀ o. Háídírójìn olómi, ọ̀kan lára epo tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lò, ò ní dúró bí òtútù rẹ̀ ò bá tó -253°C. Ṣe ló ń di afẹ́fẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀ nínú táǹkì.