Ṣé kámẹ́rà tuntun ni yóò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wa?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni wọ́n ní kí n máa bójú tó gbígba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀ ní fásitì wa. Ẹ̀ka mẹ́ta ló wà lọ́wọ́ mi: ìmọ̀ ìṣègùn, ìmọ̀ nípa àwùjọ, àti ti èdè, ìtàn òun lítíréṣọ̀. Fóònù tí a gbé ka orí ẹsẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn gbọ̀ngàn la fi ń gbà á. Àwòrán máa ń hàn dáadáa, àmọ́ ohùn máa ń dún bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ láti inú kànga, a kì í sì í gbọ́ ìbéèrè àwọn tó wà ní ìjókòó rárá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tún ní dátà àwọn kò ká a. Ṣé kámẹ́rà tó dára ju ti fóònù lọ ni ká rà? Kí la sì gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún kí a tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra kámẹ́rà. Máìkì ni kí ẹ kọ́kọ́ rà. Ẹni tó ń gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè fara da àwòrán tó ṣókùnkùn, ó tilẹ̀ lè da fóònù délẹ̀ kó máa gbọ́ ọ bó ṣe ń dáná. Àmọ́ bí ohùn bá ti ń dún wúruwùru, kò ní í pẹ́ tí yóò fi pa á. Láti 1948 ni BBC ti ń gbé Reith Lectures, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọdọọdún rẹ̀, jáde lórí rédíò. Ohùn ló gbé e, kì í ṣe àwòrán. Bẹ́ẹ̀ náà ni nígbà tó kan Wọlé Ṣóyínká ní 2004.

Ohun tó ń ṣe ohùn yín nìyí. Bí àlàfo tó wà láàárín ẹnu àti máìkì bá di ìlọ́po méjì, ohùn tó ń ti ẹnu bọ̀ tààrà yóò fi nǹkan bíi 6 dB (dẹ́síbẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n agbára ohùn) wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìró tó ń ta lára ògiri padà, ariwo fáànù àti ti jẹnẹrétọ̀ kì í wálẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí wọ́n kún gbogbo gbọ̀ngàn ni. Fóònù tó bá wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ń gbọ́ gbọ̀ngàn náà ju olùbánisọ̀rọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà lè dín ariwo fáànù kù lẹ́yìn náà; ìró ògiri ni kò ní lè yọ kúrò kó tán.

Máìkì kékeré tí wọ́n ń há mọ́ aṣọ láyà ló bá iṣẹ́ yín mu jù. Ẹ há a sí nǹkan bíi 15 sí 20 sẹ̀ǹtímítà sí ìsàlẹ̀ àgbọ̀n, ní àárín àyà gan-an, kí ohùn má baà dín kù nígbà tí ẹni náà bá yíjú sí ojú ògiri láti tọ́ka sí àwòrán. Aṣọ ni ìṣòro tó pọ̀ jù níbí. Bí olùbánisọ̀rọ̀ bá wọ agbádá, ọrùn bùbá tàbí dàńṣíkí abẹ́ rẹ̀ ni kí ẹ há a mọ́, kí orí máìkì yọ síta. Bí ẹ bá há a mọ́ agbádá fúnra rẹ̀, ìgbàkígbà tó bá gbá apá rẹ̀ sí èjìká ni máìkì yóò bá a lọ. Aṣọ òkè tó le àti aṣọ oyè ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń ha máìkì. Ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn àti káàdì ìdánimọ̀ tó ń fì lọ́rùn máa ń gbá a, ìró wọn sì máa ń dún nínú ẹ̀rọ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Kí ẹ bẹ̀ wọ́n tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ kí wọ́n yọ ọ́ fún wákàtí kan. Fóònù tó bá wà nínú àpò wọn pàápàá, ẹ jẹ́ kí wọ́n pa á, torí ó lè máa kùn wọ inú máìkì.

Bí gbọ̀ngàn yín bá ní míkísà (ẹ̀rọ tó ń pa ohùn àwọn máìkì pọ̀), ẹ gba ohùn láti ara rẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e nìkan. Ohùn tó ń ti míkísà jáde le ju ti máìkì lọ. Bí ẹ bá kì í bọ inú ihò tí a ṣe fún máìkì, yóò fọ́. Ihò line, èyí tí a ṣe fún ohùn tó ti lágbára, ni kí ẹ lò. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó wà nídìí míkísà kí ó fún yín ní aux (ojú ihò àfikún tí ohùn ń gbà jáde) tí ó jẹ́ pre-fader, ìyẹn èyí tí bọ́tìnnì tó ń gbé ohùn sípíkà sókè sódò kò kàn. Ìdí ni pé bí sípíkà bá bẹ̀rẹ̀ sí í han goorogo, ẹni náà yóò fa bọ́tìnnì wálẹ̀ kíá; bí kò bá jẹ́ pre-fader, ohùn inú àkọsílẹ̀ yín náà á wálẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fura. Ẹ gbé rẹ́kọ́dà kejì sórí tábìlì olùbánisọ̀rọ̀ bí alátìlẹ́yìn. Bátìrì ni kí àwọn rẹ́kọ́dà wọ̀nyí máa lò, kì í ṣe iná ògiri: bí NEPA bá mú iná lọ, míkísà á kú, ṣùgbọ́n máìkì àyà yóò ṣì máa gbà á lọ. Rẹ́kọ́dà tí iná bá já mọ́ lójijì kì í sábà rí àyè pa fáìlì rẹ̀ dé, fáìlì náà sì lè kọ̀ láti ṣí.

Ẹ ṣètò rẹ́kọ́dà sí WAV (fáìlì ohùn tí a kò fún pọ̀), 48 kHz, 24-bit, ohùn ẹyọ kan (mono). Wákàtí kan á gba nǹkan bíi 520 MB. Ẹ jẹ́ kí ibi tí ohùn ga jù máa kan −12 sí −6 dB. Ohùn tó bá ti kan 0 ti fọ́ nìyẹn, kò ṣeé tún ṣe. Èyí tó bá rẹlẹ̀ díẹ̀, ẹ lè gbé e sókè lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá ń rántí pé àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lẹ́ tí wọ́n á sì wá gbóhùn sókè bí ọ̀rọ̀ bá wọ̀ wọ́n lára kò ní í gbé bọ́tìnnì ga jù ní ìbẹ̀rẹ̀. Kí èrò tó wọlé, ẹ gba gbọ̀ngàn òfìfo sílẹ̀ fún 30 ìṣẹ́jú-àáyá, pẹ̀lú fáànù àti ẹ̀rọ amúlétutù bí wọ́n ṣe máa wà. Ẹ̀yin á nílò rẹ̀ láti fi han kọ̀ǹpútà irú ariwo tó yẹ kó dín kù. Fáànù tó wà lókè orí olùbánisọ̀rọ̀ gan-an, ẹ pa á.

Ti ìbéèrè àwọn èrò kò le. Ẹ ní máìkì alágbèéká kan tí ẹnì kan á máa gbé káàkiri, kí ẹnikẹ́ni má sì sọ̀rọ̀ kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Bí kò bá sí, kí alága ìjókòó tún ìbéèrè kọ̀ọ̀kan sọ kí ìdáhùn tó bẹ̀rẹ̀. Alága yìí kan náà ni yóò kéde kí ìbéèrè tó bẹ̀rẹ̀ pé a ń gba ohùn sílẹ̀, kí ẹni tí kò bá fẹ́ lè kọ tirẹ̀ sínú ìwé.

Audacity (ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún ohùn ṣe) tó fún àtúnṣe, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ gé orin orílẹ̀-èdè, ìkíni àwọn àlejò pàtàkì àti kíka ìtàn ìgbésí-ayé ọ̀jọ̀gbọ́n kúrò nínú ẹ̀dà tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbọ́. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ nínú ojúlówó tó wà ní ìpamọ́. Ẹ gé ìró ìsàlẹ̀ tó ń kùn, èyí tó rẹlẹ̀ ju 80 Hz lọ, ẹ má gbé e kọjá bẹ́ẹ̀, kí ohùn má baà tín-ín-rín bíi ti inú tẹlifóònù. Nígbà tí ẹ bá ń dín ariwo kù, 6 sí 9 dB ti tó. Bí ẹ bá fi agbára ṣe é, àwọn ìró wẹ́wẹ́ bíi *s*, *ṣ* àti *f* ló ń kọ́kọ́ bá ariwo lọ. Ohun kan náà ló ń ṣe àwọn tó ń fi ẹ̀rọ tó ń gba ohùn ní 8 kHz ṣiṣẹ́: ohunkóhun tó bá ga ju ìdajì rẹ̀, 4 kHz, lọ kì í wọlé, òkè ibẹ̀ sì ni agbára *s* wà, ni *sá* àti *fá* fi ń dún bákan náà. Ní ìparí, ẹ fi Loudness Normalization, irinṣẹ́ Audacity tó ń mú ohùn àwọn fáìlì dọ́gba, gbé e sí −19 LUFS (ìwọ̀n bí ohùn ṣe ń dún sókè létí) fún ohùn ẹyọ kan, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà máa yí fóònù sókè sódò láti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan sí èkejì.

Ọ̀rọ̀ dátà wá ńkọ́? Fídíò 1080p tó ń lọ ní 5 Mbps jẹ́ 2.25 GB ní wákàtí kan. MP3 ohùn ẹyọ kan ní 64 kbps jẹ́ 28.8 MB. Ìyàtọ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 80. Ẹ gbé MP3 náà jáde ṣáájú fídíò, pẹ̀lú síláìdì nínú PDF. Èyí mú iṣẹ́ kan bá olùbánisọ̀rọ̀: kò gbọdọ̀ máa wí pé “bí ẹ ṣe rí i níbí yìí.” Kó dárúkọ nọ́ńbà síláìdì, kó sì fi gbólóhùn kan sọ ohun tó wà lórí rẹ̀.

Ní ti ìṣọ́ra, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, ti ìṣègùn ló sì gba àkókò jù. Àwòrán X-ray sábà máa ń ní orúkọ aláìsàn, ọjọ́ àti nọ́ńbà ilé ìwòsàn ní igun. Kí ẹ gé etí àwòrán náà dànù. Bíbò ó pẹ̀lú àpótí dúdú nínú síláìdì kò tó, torí ẹni tó bá gba fáìlì náà lè ṣí àpótí yẹn kúrò. Aláìsàn tó gbà kí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún òun kò tíì gbà kí ojú òun hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àrùn tó ṣọ̀wọ́n, ọjọ́ orí àti orúkọ ìlú kékeré, bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé, ará ìlú náà á dá ẹni náà mọ̀ láìdárúkọ. Òfin ìlera ti 2014 ní Nàìjíríà pàṣẹ àṣírí aláìsàn, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 sì ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ara èyí tó gba ìtọ́jú àkànṣe. Ẹ jẹ́ kí olùbánisọ̀rọ̀ sọ ọjọ́, oṣù àti ọdún ní ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ìtọ́jú máa ń yí padà. Ẹ sì kọ ìwọ̀n oògùn sínú àlàyé abẹ́ fáìlì: *fifteen* àti *fifty* ò jìnnà síra wọn létí.

Nínú ìmọ̀ nípa àwùjọ, ohùn àwọn tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lóko ìwádìí ni kí ẹ ṣọ́. Wọ́n gbà fún ìwádìí, kì í ṣe fún gbogbo ayé. Kí olùbánisọ̀rọ̀ ka ọ̀rọ̀ wọn fúnra rẹ̀, kó má tẹ ohùn wọn sí gbangba.

Ti èdè àti lítíréṣọ̀, orin àti fíìmù ni. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá fi orin jùjú ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣe àpẹẹrẹ, YouTube lè fi ẹ̀rọ dá a mọ̀ kó sì pa ohùn ibẹ̀. Ẹ gé e kù sí ìwọ̀nba tí àlàyé nílò. Oníjàálá tàbí asunrárà tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀. Ẹ kọ àkọlé pẹ̀lú àmì ohùn, kí ẹ tún kọ ọ́ láìlámì nínú àlàyé, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́ bí wọ́n bá ń wá nǹkan. Orúkọ fáìlì fúnra rẹ̀, ẹ má fi àmì sí i.

Ẹ má fojú kéré kíkọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ní 2016, Ilé-iṣẹ́ Ìdájọ́ Amẹ́ríkà rí i pé ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ tí Yunifásítì California ní Berkeley gbé síta kò ṣeé lò fún adití àti afọ́jú. Ní 2017, fásitì náà pa èyí tó lé ní 20,000 mọ́ kúrò lójú gbogbo ayé dípò kó tún wọn ṣe. Ìmọ̀ tó ti wà ní gbangba pòórá, ó sì dun ni. Ẹ máa kọ ọ́ bí ẹ ṣe ń gbà á. Wákàtí kan máa ń gba akọ̀wé ní wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà lè kọ Gẹ̀ẹ́sì ní àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èèyàn gbọ́dọ̀ tún orúkọ Yorùbá àti orúkọ oògùn yẹ̀ wò. Apple pa iTunes U (ibi tí àwọn fásitì ń gbé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wọn sí) tì ní ìparí 2021. Nítorí náà, ibi yòówù tí ẹ bá gbé e sí, kí ẹ̀dà mẹ́ta wà lọ́wọ́ yín, kí ọ̀kan sì wà ní ilé mìíràn.

Kí olùbánisọ̀rọ̀ tó kúrò ní gbọ̀ngàn, ẹ fi hẹ́dífóònù gbọ́ ìṣẹ́jú kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan ní àárín, ọ̀kan ní ìparí. Bí ibì kan bá sọnù, ẹ ṣì lè bẹ̀ ẹ́ kó jókòó kó tún un sọ.