Ìbéèrè àti Ìdáhùn: GPS tó gbówó lórí jù kọ́ ló máa bá ọ rí àpótí

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Milton Keynes ni mò ń gbé. Èmi àti ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá, ti ń gun kẹ̀kẹ́ kiri wá àwọn àpótí geocaching láti ìgbà ooru, eré tí ẹnì kan á gbé àpótí pa mọ́, tí àwọn ẹlòmíì á fi GPS wá a. Fóònù là ń lò, bátìrì rẹ̀ kì í bá wa délé. Mo fẹ́ ra GPS afọwọ́mú, èyí tí a ò ní máa tẹ bébà tẹ̀ lé. Ẹnì kan fẹ́ ta ọ̀kan tó wọ́n gan-an fún mi, ó ní kì í yẹ̀ ju mítà kan lọ, pé irú èyí tí àwọn ológun ń lò ni. Ṣé kí n rà á? Ṣé kò ní jẹ dátà jù?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, o kú ìtọ́jú ọmọ. Má rà á.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ dátà kúrò nílẹ̀, kò gùn. GPS kì í jẹ dátà. Àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè, ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà sí ilẹ̀, ń fọ́n ìró wọn ká fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ẹ̀rọ rẹ ni kó gbọ́. Fóònù ló ń jẹ dátà, torí orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fa máàpù bó ṣe ń lọ.

Ọ̀rọ̀ mítà kan yẹn ni màá jókòó tì, nítorí ìwọ kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fi tàn jẹ, ó sì ti ń bí mi nínú. Iṣẹ́ sọ́fíyọ̀ ni mò ń ṣe. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ ọ kí n tó wá sí Ìlú Ọba. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ilẹ̀ ká tó ri bíkìn mọ́lẹ̀ lè má yẹ̀ ju ìbú ìka méjì lọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ méjì nìyẹn: ọ̀kan dúró lójú ibi tí a ti mọ̀ dájú, èkejì ń rìn, èyí tó dúró sì ń tún ti èyí tó ń rìn ṣe. Owó rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ ra mọ́tò. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí o kì bọ àpò kò lè ṣe é. Níbi tí ojú sánmà bá là gbaregede, mítà mẹ́ta sí márùn-ún ni o lè retí. Lábẹ́ igi tó díjú tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gíga, ó lè tó mẹ́wàá, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìró náà á kọ́kọ́ lu ògiri kó tó ta dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ, bíi gbohùngbohùn. Ẹ̀rọ á sì rò pé ọ̀nà jíjìn ló ti wá.

Ti ológun wá ńkọ́? Ìró tí àwọn ológun Amẹ́ríkà ń gbọ́ ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, kò sí ọlọ́jà tó máa tà á fún ọ. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbọ́ tí wọ́n ń lọ́ mọ́ra wọn ni pé, títí di ọdún 2000, ìjọba Amẹ́ríkà máa ń mọ̀ọ́mọ̀ da èyí tí ará ìlú ń gbọ́ rú, débi pé ó lè fi nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà ṣì ọ́ lọ́nà. Ọjọ́ kejì oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n dá a dúró, Clinton ló wà lórí oyè. Kò ju ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ tí Dave Ulmer fi gbé korobá kan pa mọ́ lẹ́bàá Beavercreek ní Oregon, ó gbé nọ́ńbà tó ń tọ́ka ibẹ̀ lórí máàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí àwọn tó ní GPS wá a kàn. Ibẹ̀ leré tí ìwọ àti ọmọ rẹ ń ṣe yìí ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà, ìró ọ̀fẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń gbọ́, àti olówó àti tálákà.

Ó dáa, ká tilẹ̀ ní ẹ̀rọ rẹ kò yẹ̀ rárá. Ta ló kọ nọ́ńbà tí ò ń tẹ̀ lé? Ẹni tó gbé àpótí pa mọ́ ni. Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Bóyá fóònù ẹ̀, lábẹ́ igi, òjò ń rọ̀, aya rẹ̀ ń pè é pé oúnjẹ ti tutù. Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́. Ó ní òkè lẹ̀ ń wò, ẹ ò wo ìsàlẹ̀. Bí tirẹ̀ bá yẹ̀ ní mítà márùn-ún, tí tìrẹ náà yẹ̀ ní márùn-ún, tí ọ̀kan lọ sí ìlà oòrùn tí èkejì lọ sí ìwọ̀ oòrùn, mítà mẹ́wàá ti wà láàárín yín, kò sì sí ẹni tó ṣẹ̀. Tún wo bí wọ́n ṣe ń kọ nọ́ńbà ọ̀hún: N 52° 02.345. Bí 5 ìparí yẹn bá di 6, o ti lọ sí àríwá ní 1.85 mítà. Nọ́ńbà tí wọ́n fún ọ gan-an ń fo kọjá mítà kan, ẹnì kan wá ń gba owó mítà kan lọ́wọ́ rẹ.

Bí ẹ̀rọ bá sì kọ ọ́ sójú pé òun ò yẹ̀ ju mítà mẹ́ta lọ, ìṣirò tó ṣe fún ara rẹ̀ nìyẹn. Má gbà á bí ìbúra.

Mi ò ní àwọn tuntun tó ń gbọ́ oríṣi ìró méjì pọ̀, irú GPSMAP 65 ti ilé iṣẹ́ Garmin, kò dáa o. Lábẹ́ igi àti láàárín ilé gíga, wọ́n ń ṣe bẹbẹ. Ṣùgbọ́n wọn ò lè tún nọ́ńbà ẹlòmíì ṣe.

Kí ló wá ń mú èèyàn rí àpótí? Olobó tí ẹni tó gbé e pa mọ́ kọ ni, àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ti débẹ̀ ṣáájú. Lóṣù kọkànlá tó kọjá, mo dúró létí kánàálì Grand Union, lábẹ́ afárá bíríkì kan. Ẹ̀rọ mi ní ó ku mítà mẹ́rin. Mo fọwọ́ tẹ gbogbo ihò bíríkì wò, alántakùn nìkan ni mo rí, ọkùnrin kan tó ń mú ajá rìn sì ti ń wò mí bí olè. Ìgbà tó sú mi ni mo ṣí olobó: "ọ̀pá kẹta lẹ́yìn afárá." Mo ka ọ̀pá, mo bẹ̀rẹ̀. Ike fíìmù kámẹ́rà, tí wọ́n fi téèpù dúdú wé, ló há sẹ́yìn ọ̀pá náà, ó tó mítà mẹ́jọ síbi tí mo ti ń gbọ́nlẹ̀ láti ìdajì wákàtí.

Ohun tí wọ́n ń pè ní paperless nìyẹn, òun sì ni kó o fi owó rẹ rà: kí ẹ̀rọ lè fi àlàyé, olobó, bí àpótí ṣe tóbi tó àti ọ̀rọ̀ àwọn tó wá a kẹ́yìn hàn ọ́ lójú ara rẹ̀. Nígbà tá à ń tẹ̀ ẹ́ sí bébà, a máa ń jókòó sẹ́bàá ọ̀nà tú olobó lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni, A di N, B di O, torí wọ́n máa ń dà á rú kí ojú má bàa ṣèèṣì kà á. Ẹ̀rọ tó mọ iṣẹ́ yìí á tú u fúnra rẹ̀. Fáìlì GPX ló ń kó gbogbo rẹ̀ wá. Èyí tí wọ́n ń pè ní LOC, orúkọ àti nọ́ńbà ibẹ̀ nìkan ló ní. Ọ̀pọ̀ tó ń ké pé ẹ̀rọ àwọn ti bàjẹ́, LOC ni wọ́n kó sínú ẹ̀. Lórí geocaching.com, ẹni tó ń san owó ọmọ ẹgbẹ́ ló ń rí GPX gbà, ó sì lè béèrè fún àpótí tó 1,000 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fún kẹ̀kẹ́, èmi á ra eTrex 22x ti Garmin tàbí èyí tó bá jọ ọ́. Bátìrì AA méjì ló ń lò, ó ń tó nǹkan bíi wákàtí 25. Bó bá kú lọ́nà, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ títì á ta òmíì fún ọ. Bọ́tìnnì ló ní, o lè wọ ìbọ̀wọ́ tẹ̀ ẹ́, òjò ò sì ní bá ọ tẹ̀ ẹ́ bíi ti àwọn tí a ń fọwọ́ pa lójú. Bí oòrùn bá ṣe ń ràn tó ni ojú rẹ̀ ṣe ń mọ́ sí i, níbi tí fóònù á ti ṣú. Kò ní kọ́ńpáàsì, o gbọ́dọ̀ máa rìn kí ìtọ́ka tó mọ ibi tí o kọjú sí. Orí kẹ̀kẹ́, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Bó bá dùn ọ́, 32x ní i. Ṣùgbọ́n òòfà inú àpò fóònù lè da kọ́ńpáàsì rú, kí o máa tún un ṣe. eTrex 10 kò gba máàpù míì sínú, fi í sílẹ̀.

Máàpù ṣe kókó fún ẹlẹ́kẹ̀kẹ́. Ìtọ́ka á ní ọgọ́rin mítà ló kù, ọ̀kánkán, kánàálì á sì wà láàárín, afárá á tó máìlì kan sẹ́yìn. Kó máàpù OpenStreetMap sínú rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, àwọn ọ̀nà pupa Redways ti àdúgbò yín wà níbẹ̀.

So okùn ẹ̀rọ mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yàtọ̀ sí ìdè tó bá a wá. Ìdè ike kan já mọ́ mi lọ́wọ́ lójú òkúta, mọ́tò ló tẹ ẹ̀rọ náà pa. Bó bá sì ń kú fúnra rẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti ń gbọ̀n, bátìrì ló ń mì. Ká bébà tẹ́ẹ́rẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ wọn kí wọ́n há, má jẹ́ kó kan ibi tí iná ń gbà.

Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kankan. Wọ́n sì máa ń yí ẹ̀rọ padà, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sí páálí kí o tó sanwó. Ẹ dúró kí ẹ tó wo ojú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ń wò ó tí ẹ fi wọ kánàálì, mi ò sí níbẹ̀. Ibi tí ojú irin bá wà tàbí tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí àlejò má wọ̀, ẹ padà, àpótí míì wà.

Gbé ẹ̀rọ sọ́wọ́ ọmọ rẹ, kó máa ka olobó fún ọ. Ìwọ mú pẹ́ńsù dání: bébà wà nínú àpótí tí ẹ máa kọ orúkọ sí, ó sì sábà máa ń tutù, bírò kì í kọ ọ́.