Inú mi ti kún àbí mo ti yó?

Ìyàwó ilé kan ní Ìbarà, Abẹ́òkúta, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ Ìgbò ni, Ẹ̀gbá sì ni ọkọ rẹ̀. Wọ́n gbé láfún àti ewédú fún un nílé ìyá ọkọ, ó jẹ ẹ́ dáadáa. Nígbà tí màmá fẹ́ bù sí i, ó ní, "Ẹ ṣeun mà, inú mi ti kún." Ni màmá bá ń béèrè bóyá inú ń run ún. Ìyàwó yìí fẹ́ mọ ohun tó ṣì sọ, àti bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sọ ọ́ ní èdè tiwọn.

Ẹ ò ṣì í sọ, ìyàwó wa. Ọ̀rọ̀ ilé yín lẹ sọ, ẹ kàn wọ aṣọ Yorùbá fún un ni. Ìgbò á ní "afọ juru m": ikùn ló kún. Yorùbá kì í ti ikùn síwájú níbí. Ènìyàn fúnra rẹ̀ ló ń yó. Àmù ló ń kún, odò Ògùn náà ń kún lásìkò òjò. Àwọn kan ń sọ pé inú àwọn kún, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tí àgbàlagbà bá gbọ́ ọ lẹ́yìn oúnjẹ, ó lè kọ́kọ́ rò pé oúnjẹ ò dà tàbí pé inú wú. Pàápàá lẹ́yìn láfún! Láfún kì í ṣe oúnjẹ ìpanu.

Ẹ tún wo ebi. A kì í sọ pé a ṣe ebi. Ebi ló ń pa wá. Ó wá bá wa, ó ń lù wá. Ṣùgbọ́n tí oúnjẹ bá ti wọlé, àwa la máa ń sọ̀rọ̀: "Mo yó." Hausa bá wa ṣe déédéé níbẹ̀, "na ƙoshi" ni wọ́n ń sọ, wọn ò dárúkọ ikùn rárá. Bẹ́ẹ̀ náà ni "nimeshiba" ti Swahili. Àwọn ará Japan ló dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín: "onaka ippai", ikùn ti kún bámú. Tí ebi bá ń pa wọ́n, wọ́n á ní ikùn àwọn ti ṣófo.

Faransé ni kí ẹ ṣọ́ra fún, nítorí pé Kútọnu ò jìnnà sí wa. Tí ẹ bá jẹun tán ní Faransé tí ẹ sọ pé "je suis pleine", ẹni tó gbọ́ lè rò pé ọtí lẹ mu. Wọ́n tún ń lò ó fún ẹran ọ̀sìn tó lóyún. Ẹ sọ pé ebi ò pa yín mọ́, "je n'ai plus faim", ó ti tán.

Àwọn ará Jámánì ní "satt" fún ẹni tó jẹun yó, ṣùgbọ́n wọn ò ní ọ̀rọ̀ kankan fún ẹni tí omi tó. Ní 1999, àwọn tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè Duden bá ilé iṣẹ́ tíì Lipton ṣe ìdíje láti wá ọ̀rọ̀ náà. "Sitt" ló gbégbá orókè, àmọ́ ará ìlú ò gbé e lẹ́nu. Àwa ò nílò ìdíje. Màlúù mu omi yó, ọmọ mu ọmú yó, ọ̀mùtí náà mutí yó. Yó kan náà ni, ohun tó ṣáájú rẹ̀ ló ń sọ irú èyí tó jẹ́. Yó yìí tún ń di ìwà: bí ẹnìkan bá ń fínràn láìnídìí, wọ́n á ní àyójù ló ń dà á láàmú. Àwọn ará Rọ́ṣíà náà ń pa á lówe pé ẹni tó yó kì í mọ ohun tó ń ṣe ẹni tí ebi ń pa.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀rọ̀ ìwọ̀n. Àwọn àgbà Okinawa, erékùṣù kan ní Japan, ní "hara hachibu": jẹun dé ìdá 8 nínú 10, kí o dúró. Àwọn àáfà wa náà ń sọ ọ́ nínú wáàsí Ramadan pé kí ènìyàn pín ikùn sí mẹ́ta, ìdá kan fún oúnjẹ, ọ̀kan fún omi, ọ̀kan fún èémí. Nínú ikùn làwọn méjèèjì ti ń wọn oúnjẹ. Yorùbá àtijọ́, inú abọ́ ló ti ń wọ̀n ọ́n. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé. Àwọn ọmọ tó ń retí àjẹkù bàbá ni wọ́n ń bá a gbé igbá. Tó bá lá a mọ́ féfé, kí ló kù tí wọ́n fi máa dìde? Kò sẹ́ni tó bi bàbá léèrè bí ikùn rẹ̀ ṣe rí. Ohun tó ṣẹ́kù la wò. Èmi ò rò pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abọ́ oníkálukú la ń jẹ báyìí.

Ní ti màmá, ẹ kúnlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sọ pé, "Mo ti yó dáadáa mà, ẹ ṣeun." Ẹ má sọ pé ẹ ò fẹ́ mọ́; ìyẹn ń bu ọbẹ̀ kù. Wọ́n máa ní, "Kí lo tíì jẹ?" Ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Ẹ tún un sọ. Bí wọ́n bá sì ṣì ń na ìpọnbẹ̀ sí ìkòkò, ẹ yáa fọwọ́.