Èsì: Ibi tí táńkì ọ̀kadà lè gbé yín dé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá táńkì kan tó kún lè gbé yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ọ̀yọ́ kó sì gbé yín padà. Ẹ má gbára lé géèjì o, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ bu epo kún un dé etí ọrùn táńkì, ẹ kọ nọ́ńbà mítà tó ń ka kìlómítà sílẹ̀, ẹ gùn ún tó 100 kìlómítà, kẹ́ ẹ tún bù ú dé ojú ibi kan náà. Bó bá gba lítà 2.5, kìlómítà 40 ni lítà kan ń gbé yín. Ẹ wá fi iye lítà tí táńkì yín ń gbà sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó mọ ibi tó lè gbé yín dé.

Bó bá kéré sí bó ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ fíltà afẹ́fẹ́ wò. Bí eruku bá ti dí i, afẹ́fẹ́ ò ní tó, epo á pọ̀ jù. Ẹ tú póọ̀gì, ohun tó ń ṣáná sí epo nínú ẹ́ńjìnì: bó bá dúdú bí ìdí ìkòkò, ohun tó ń ṣe é nìyẹn. Ẹ tún fọwọ́ yí taya ẹ̀yìn lórí ìdúró, bóyá bíréèkì ń dì í mú.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kọ́ọ̀kì, ìyẹn ohun tí a fi ń ṣí epo táńkì tí a sì fi ń tì í, sílẹ̀ lórí RES, ìyẹn ojú epo àṣẹ́kù. Bí epo bá tán níbẹ̀, kò sí àṣẹ́kù mọ́. Bí ọ̀kadà bá sì ń kú lọ́nà nígbà tí epo ṣì wà, ẹ ṣí ìdérí táńkì. Bẹ́ ẹ bá gbọ́ “fùú”, ihò kékeré ara ìdérí ló dí, epo ò lè sọ̀ kalẹ̀. Abẹ́rẹ́ lẹ máa fi là á.